Táìmùtébù ìdánwò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Olùkọ́ Ìṣirò ni mí. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá nílé-ẹ̀kọ́ girama, mi ò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti ṣe alámòójútó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò mọ́. Ìwé pélébé kan ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ wa á gbà á, wọ́n á wò ó gààràgà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó parí nìyẹn. Táìmùtébù ìdánwò àṣejáde ni mò ń sọ.

Lọ́dún kan, mo rí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ní nǹkan bí aago 12 ọ̀sán. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mú bírò méjì àti rúlà dání. Kẹ́mísìrì ló ń bọ̀ wá ṣe. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde látinú gbọ̀ngàn, nítorí àárọ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Táìmùtébù àkọ́kọ́ ni ọmọ náà dà kọ, èyí tí àjọ ìdánwò gbé jáde kí wọ́n tó fìdí gbogbo rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dé, wọ́n ti gbé Kẹ́mísìrì kúrò ní ọ̀sán sí àárọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ilé-ẹ̀kọ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, lásìkò tí ọmọ náà ti ń jókòó kàwé nílé. Kò sunkún. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọn ò lè fún mi ní ìbéèrè náà kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kí n ṣe é?" Mi ò rí èsì fún un. Títí di òní, bí wọ́n bá ti ń pín pépà Kẹ́mísìrì, ohùn ọmọ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Irú àwọn tí ìdánwò ré kọjá báyìí kò pọ̀. Àwọn tó pọ̀ ni àwọn tó dé lásìkò, tí wọ́n jókòó sáyè wọn, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ọjọ́ wọn kò bá ìdánwò mu rárá. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, mo mọ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń kà, tàbí èyí tó máa kọ́kọ́ dé. Kí ìdánwò tó dé ìdajì, àwọn ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ti di àjèjì sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀, iṣẹ́ mi ni. Ká ní ó ku ọjọ́ 70 kí pépà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ 9, ó sì lè jókòó ti ẹ̀kọ́ 2 lójúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìsinmi, fún orí fífọ́, fún gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀. Ètò ìwé kíkà tí kò fi ààyè sílẹ̀ fún àìsàn kò ní pẹ́ dàrú. Ọjọ́ 60 ló kù, ìyẹn ìjókòó 120. Ẹ pín in sí ọ̀nà 9: ìjókòó 13 ló kan ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, 3 á ṣẹ́ kù. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ní orí 26 nínú sílábọ́ọ̀sì, orí 2 ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ parí nínú ìjókòó kan, kò sì ní ráyè padà sórí ọ̀kankan nínú wọn. Nígbàkigbà tí mo bá kọ eléyìí sójú pátákó, ariwo kíláàsì máa ń rọlẹ̀. Ọmọ tó ń sọ pé oṣù méjì ṣì kù dáadáa á wá rí i pé ìjókòó 13 péré ló ní.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n pín in dọ́gba. Ibí yìí gan-an ni táìmùtébù ti wúlò. Ká ní Físíìsì bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Jọ́gíráfì bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Bàólójì wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín Físíìsì àti Jọ́gíráfì, ọmọ tó ti rẹ̀ ló sì máa lo ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún. Bàólójì ní odidi ọjọ́ 6 níwájú rẹ̀ tí pépà kankan kò sí. Kí ló wá dé tí a ó fi fún àwọn méjèèjì ní ìjókòó 13, 13? Ẹ fún Jọ́gíráfì ní 16, kí ẹ fún Bàólójì ní 10. Ẹ̀kọ́ tí kò ní àlàfo níwájú gbọ́dọ̀ ti jinná kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí kò sí àyè àtúnṣe fún un mọ́. Èyí tó ní àlàfo lè dúró de àlàfo rẹ̀ fún àtúnkà ìkẹyìn, bí wọn kò bá ṣáà ti pa á tì pátápátá.

Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló mọ ọjọ́ tí pépà kọ̀ọ̀kan máa wáyé. Kí n tó ní kí wọ́n ṣe é, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ka iye ọjọ́ tó wà láàárín pépà kan àti èkejì. Nísinsìnyí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún wọn lọ́jọ́ tí táìmùtébù bá dé ni pé kí wọ́n mú bírò pupa, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tó ṣófo sí àárín pépà méjì-méjì: 0, 0, 1, 6, 0, 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí òdo bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìṣòro wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú.

Kí wọ́n wo ibi tí práktíkà, ìyẹn ìdánwò àfọwọ́ṣe, àti ìdánwò àfẹnuṣe wà pẹ̀lú. Àjọ ìdánwò púpọ̀ máa ń ṣètò wọn lọ́tọ̀, wọ́n sì sábà máa ń ṣáájú àwọn pépà kíkọ, tí ọmọ tó rò pé òun ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kàn bá ara rẹ̀ níwájú ìgò omi kẹ́míkà. Bí ẹ̀kọ́ méjì tí ọmọ kan ń ṣe bá sì forí gbárí ní wákàtí kan náà, àwọn àjọ ìdánwò ní ètò fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kọ́ ni a ń sọ ọ́.

Mo mọ àwọn kan tó máa fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ka Bàólójì, tí wọ́n á sàmì sí i pé ó ti tán, tí wọn ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ èsì àyẹ̀wò tó ṣe lórí ara rẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó wá ń wọn iye làálàá tó dín kù fún un bó bá tún wọn kọ́: bó bá ṣe rántí tó, bẹ́ẹ̀ ni làálàá rẹ̀ ṣe máa dín kù tó. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ohun tó dín kù jẹ́ ìdá 58 nínú 100. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó ti di nǹkan bí 34. Lẹ́yìn oṣù kan, ó di 21. Lóòótọ́, Bàólójì ní ìtumọ̀, ohun tó bá sì nítumọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju sílébù asán lọ. Síbẹ̀, ẹ wo bí ohun tó há sórí ṣe yára ṣófo lọ́jọ́ kìíní, tó wá rọra lọ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n padà sórí ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdajì wákàtí lè tó fún ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ìṣirò, torí èmi fúnra mi wà lára àwọn tó ṣe é bí kò ṣe yẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá kọ́ wọn ní orí kan, mo máa ń fún wọn ní ìbéèrè 20 tó jẹ́ irú kan náà. Wọ́n á gba gbogbo rẹ̀, inú mi á dùn. Lọ́dún 2007, Doug Rohrer àti Kelli Taylor tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ìwọ̀n àyè inú oríṣi ohun mẹ́rin. Àwọn kan ń ṣe irú kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, àwọn yòókù ń ṣe é ní àdàlù. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ti irú-kan-náà gba 89 nínú 100, àwọn alàdàlù gba 60. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n dán wọn wò: àwọn alàdàlù gba 63, àwọn tó ń gba 89 tẹ́lẹ̀ gba 20. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ojú àwọn ọmọ tó ti ọwọ́ mi jáde tó wá fìdí rẹmi. Pépà ìdánwò kì í sọ fún ọmọ pé fọ́múlà báyìí ni kó lò. Ọmọ tí kò tíì yan fọ́múlà fúnra rẹ̀ rí kò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàn án nínú gbọ̀ngàn. Báyìí, mo máa ń gé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá sí wẹ́wẹ́, mo máa ń dà wọ́n pọ̀ sínú àpò ìwé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì fa mẹ́wàá jáde láìmọ ohun tó máa bá.

Ti kíkà léraléra náà ńkọ́? Ìwádìí Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke lọ́dún 2006 fi hàn pé àwọn tó ka àyọkà kan nígbà mẹ́rin rántí nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n pa ìwé dé, tí wọ́n sì gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, rántí 61. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn kíkà, àwọn tó kà á léraléra ló wà níwájú. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ wa jẹ nìyẹn lóru tó ṣáájú ìdánwò: wọ́n á kà á, á dùn lójú wọn, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti kíkàwé mọ́jú, mi ò ní sọ púpọ̀. Láti ọdún 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì dán an wò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá sùn lẹ́yìn tó kọ́ nǹkan kì í gbàgbé tó ẹni tó lajú sílẹ̀. Ọmọ tó bá ní pépà láàárọ̀ kó lọ sùn.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé táìmùtébù kì í tètè jáde, pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ṣètò. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn nídìí. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ètò àkọ́kọ́ látinú táìmùtébù ọdún tó ṣáájú, kìkì láti rí bí àwọn ẹ̀kọ́ ṣe sábà máa ń tẹ̀ léra. Bí tuntun bá dé, a ó pa á rẹ́, a ó sì fi bírò kọ ọ́. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìdánwò àṣejáde sì ni ogun tí wọ́n sọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má lẹ táìmùtébù mọ́ ilẹ̀kùn nìkan. Ẹ fi ẹ̀dà lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ó buwọ́ lù ú pé òun gbà á, kí òbí rẹ̀ náà buwọ́ lù ú. Bí àyípadà bá dé, ẹ pe òbí lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ dà á kọ sórí kàlẹ́ńdà ilé, kí ẹ sì dín iṣẹ́ ilé rẹ̀ kù láwọn ọjọ́ tí òdo wà níwájú wọn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò tóbi. Nígbà tí táìmùtébù tó kẹ́yìn bá jáde lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí odidi ojú ewé kan, kí ẹ kọ àárọ̀ àti ọ̀sán gàdàgbà, kí ẹ sì fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀ lábẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan níbi tí ọmọ á ti kọ iye ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ 41 ló wà ní kíláàsì mi. Ìwé ìròyìn 41 ni mo máa rà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Ìṣirò kan