Nàìjíríà ló kàn láti gbé àbá Niger dìde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2021, Niger àti Ireland gbé àbá kan síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kí wọ́n máa ka ìyípadà ojú-ọjọ́ mọ́ ohun tó ń dá ogun sílẹ̀, kí Akọ̀wé Àgbà sì máa jábọ̀ lórí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè 12 nínú 15 fọwọ́ sí i, títí kan Niger, Kenya àti Tunisia tó jókòó fún Áfíríkà. China kò dá sí i, India kọ̀ ọ́, Russia, tó wà lára àwọn alágbára márùn-ún tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lè dá àbá dúró, sì fi àṣẹ náà (veto) pa á.

Ó ń dùn mí títí dòní. Russia kan náà wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017 tí gbogbo Ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìpinnu 2349, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìyípadà ojú-ọjọ́ wà lára ohun tó ń da agbègbè Adágún Chad rú. Adágún ọ̀hún fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà alópòméjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1980 sí 1989 fi mú un, bóyá ni ìdá kan nínú mẹ́wàá kù. Omi ti padà díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òjò kò ṣeé gbójú lé mọ́. Mi ò sọ pé ọ̀dá ló bí Boko Haram. Àmọ́ apẹja tí omi sá fún àti darandaran tí koríko gbẹ mọ́ lọ́wọ́, ẹni tó ní ìbọn ló ń fún ọmọ wọn níṣẹ́. Àwa ará Òkè-Ògùn náà mọ̀ pé bí koríko bá tán lókè, màlúù á sọ̀kalẹ̀, ìjà oko á sì tẹ̀ lé e.

Mi ò fojú di ohun tí India sọ, pé kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ kúrò níbi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń dá sí i, kí a gbé e fún Ìgbìmọ̀ tí àwọn alágbára márùn-ún ń darí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n COP, àpérò ọdọọdún tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe lórí ojú-ọjọ́, kì í rán ọmọ ogun apẹ̀tùsíjà níbikíbi. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú àbá tuntun pé ẹnikẹ́ni kò lè torí ojú-ọjọ́ kógun wọ ìlú onílùú, àti pé gbèsè àwọn tó tú èéfín jù ṣì wà lọ́rùn wọn.

Niger ti kúrò nínú ECOWAS báyìí, ó sì ti yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tó ń ṣọ́ adágún náà. Nàìjíríà ló kàn. Àjọ Adágún Chad tí a jọ dá sílẹ̀ ní 1964 ṣì wà ní N'Djamena. Kí Abuja ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pe Niger mọ́ra, kí àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta tó wà nínú Ìgbìmọ̀ sì gbé àbá náà wọlé padà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ṣakí