Ẹ fi "ká ní" kọ́ wọn ní "if"

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ "if" inú Gẹ̀ẹ́sì tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú ni mo gbé wá. Ọmọ mi tó ń múra WAEC kọ "If I would have known", tíṣà ẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e, kò ṣàlàyé kankan. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá ná, ló bá ní "ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá". Mo ní ó ti tán! "Tí òjò bá rọ̀, a ò ní lọ", ìyẹn ṣì lè ṣẹlẹ̀, "if it rains, we won't go" nìyẹn, àmọ́ "ká ní mo mọ̀" ti kọjá lọ, kò ṣeé tún ṣe mọ́, òun ni "if I had known, I would have come", "ǹ bá" yẹn ló ń gba "would", kì í ṣe "ká ní". Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Yorùbá jáde ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn