Ta Ló San Gbèsè Àjàlá fún Bill Gates?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní orí ni àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí gbójú lé, wọn ò fẹ́ ṣiṣẹ́, tó wá fi Bill Gates ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó fi ọpọlọ àti òógùn ojú nìkan di olówó. N kò bá a jà lórí ìyẹn púpọ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn mí. Ó ní ọkùnrin kan tí IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ tó sọ Gates di olówó lọ bá ń fi bàálù ṣeré lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá a nílé, pé ìyà ọ̀lẹ ló jẹ ẹ́.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wà níbẹ̀ láyé dísìkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ, nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní WordStar tí a fi ń tẹ ìwé àti Lotus 1-2-3 tí a fi ń ṣírò ní Ìbàdàn, tí iná á kàn lọ, tí gbogbo kíláàsì á ké yéè nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Gary Kildall lorúkọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ yẹn. Ní 1974 ló ṣe CP/M, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kékeré, tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe ka dísìkẹ́ẹ̀tì àti bí yóò ṣe kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Monterey, ní Kalifóníà. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan kì í jọ ti èkejì. Kildall wá ya apá tó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ sọ́tọ̀, ó pe ìyẹn ní BIOS, ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tuntun bá dé, apá kékeré yẹn nìkan lẹ ó tún kọ. Orúkọ BIOS ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ò gbọ́ orúkọ Kildall rí. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ní 1980, IBM fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀, kíákíá ló sì fẹ́ ẹ. Wọ́n lọ bá Microsoft, ilé-iṣẹ́ Gates, nítorí BASIC, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, torí òun ni Microsoft ń tà. Nígbà tí wọ́n béèrè ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ, Gates fúnra rẹ̀ ló júwe ilé Kildall fún wọn. Wọ́n dé Pacific Grove, ìlú tí Kildall wà. Kildall ti fi bàálù ara rẹ̀ lọ rí oníbàárà kan. Òwò ló bá lọ. Dorothy ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń bójú tó àdéhùn òwò nílé-iṣẹ́ wọn látilẹ̀wá, ló gbà wọ́n lálejò. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, IBM yọ ìwé kan síta: ohun tí IBM bá sọ, àṣírí ni, ohun tí ẹ̀yin bá sọ, kì í ṣe àṣírí. Dorothy àti agbẹjọ́rò wọn kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí i. Èmi náà ì bá kọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ò fẹnu kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, ṣùgbọ́n IBM kúrò níbẹ̀ láìrí ohun tí wọ́n wá, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ Gates.

Ibi tí orí ti gbe Gates nìyí. Oníbàárà tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ júwe ilé ẹlòmíràn fún ló tún yíjú padà wá bá a. Kò sì ní ọjà náà nílé! Paul Allen ẹnìkejì rẹ̀ ló mọ ibi tó wà, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Seattle Computer Products, nítòsí wọn níbẹ̀. Tim Paterson, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ti kọ ọ̀kan lọ́dún náà gan-an, torí pé CP/M tí wọ́n ń retí fún kọ̀ǹpútà wọn tó ń lo ọpọlọ 8086 pẹ́ kó tó dé. QDOS ló sọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé kíá ni wọ́n ṣe é, kò sì mọ́ tónítóní. Microsoft san 25,000 dọ́là ní December 1980, ó fi 50,000 lé e ní July 1981, ó di tirẹ̀ pátápátá. Wọn ò jẹ́ kí ẹni tó tà á mọ̀ pé IBM ń dúró lẹ́yìn. Àwọn kan á pè é ní ìwà àrékérekè. Ẹ bi ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági bóyá ó máa ń sọ iye tí oníbàárà òun fẹ́ san fún ẹni tí òun ti fẹ́ ra ọjà. Ilé-iṣẹ́ yẹn padà pẹjọ́, ní 1986 wọ́n fi 925,000 dọ́là parí rẹ̀.

Bí ẹ bá wá ní kí n fi ìka kan ibi tí ọgbọ́n wà, inú ìwé àdéhùn November 1980 ni. Gates ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 25. Ó gbà kí IBM lo ètò náà, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀tọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn mú ṣinṣin. IBM ò janpata, torí lójú tiwọn, irin lọjà, ètò inú rẹ̀ kàn jẹ́ èènì. Kọ̀ǹpútà wọn jáde ní August 1981. Nígbà tó fi di òpin 1982, ilé-iṣẹ́ Compaq ti kéde èyí tó ń ṣe bíi ti IBM, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló sì ń wá MS-DOS, orúkọ tí Microsoft fún QDOS tó rà, lọ sọ́dọ̀ Microsoft. Kò sẹ́ni tí orí bá kọ irú ìlà yẹn sínú ìwé. Ẹni tó mọ ohun tí òun ń tà ló kọ ọ́.

Kildall náà ò sùn. Ó rí i pé ètò náà jọ tirẹ̀ jù, ó halẹ̀ kóòtù, IBM sì gbà láti ta CP/M náà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ẹ wá wo iye tí wọ́n dá lé wọn: DOS, 40 dọ́là; CP/M, 240 dọ́là. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn DOS ni CP/M sì tún tó dé ọjà. Ẹ gbé gààrí méjì ka orí àtẹ ní Bódìjà, kí ọ̀kan gbówó lórí ní ìlọ́po mẹ́fà, kí ó tún jẹ́ èyí tó pẹ́ dé, kí ẹ wá bi mí bóyá ìwà ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó tà.

Òǹkàwé yín ní Gates ò ní bàbá ìsàlẹ̀. Ẹ rántí Afùwàpẹ́. Àwọn mẹ́ta ló lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja gbé èyí tó wù wọ́n lójú, òjò ọ̀nà ayé sì bà á jẹ́ mọ́ wọn lórí. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀, Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀ ti dá Ifá kó tó gbéra, ó ti mú owó àti iyọ̀ dání. Nígbà tó dé, Àjàlá ti sá gun àjà nítorí olówó rẹ̀. Afùwàpẹ́ san gbèsè, Àjàlá sì fúnra rẹ̀ bá a mú orí tó dára.

Ní Seattle, ìlú Gates, àwọn ìyá ló san gbèsè náà. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé Lakeside pa owó tí wọ́n rí nínú títa àlòkù pọ̀, wọ́n fi gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń bá kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù. Ọmọ ilé-ìwé mélòó ló fọwọ́ kan irú rẹ̀ lọ́dún yẹn? Gates ò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ. Allen wà nílé-ìwé kan náà. (Ìyá Gates tún jókòó nínú ìgbìmọ̀ United Way, ẹgbẹ́ aláàánú kan, pẹ̀lú John Opel, ọ̀gá ní IBM. Ẹ fi ìyẹn sápò.) Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Lakeside ni ẹ̀rọ náà wà fún, díẹ̀ ló fi oorun dù ú. Nígbà tí Altair, kọ̀ǹpútà kékeré kan, jáde lórí ìwé ìròyìn Popular Electronics ní January 1975, àwọn méjèèjì sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pé BASIC àwọn ti wà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì kọ ọ́. Orí kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì Harvard ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n mú un ṣe bí ẹni pé òun ni Altair. Allen wọ bàálù lọ sí Albuquerque, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe Altair wà, inú bàálù ló ti rántí pé ó ku apá tí yóò gbé ètò náà wọ inú ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ lórí ìjókòó. Ó gbé e sórí Altair gidi, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi pín ìyẹn sí méjì, kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ ti orí níbẹ̀ fún mi.

Kildall kú ní 1994, ọmọ ọdún 52. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ìtàn yìí sí ojú ewé àwọn ọ̀dọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ bàálù kúrò, kí ẹ fi orúkọ Dorothy sí i, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.