Dúrọ́ọ̀ Mi Méjèèjì Tó Wà Lọ́wọ́ Yín: Ọ̀sẹ̀ Kẹfà Rèé

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá kọ lẹ́tà yìí ni. Yorùbá lẹ fi polówó tí mo fi pè yín, Yorùbá náà lẹ fi gba £85 owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹrù mi ni Gẹ̀ẹ́sì dé. Kí n tó sanwó, "Mọ́mì wa" ni mí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti di "Madam", wọ́n ní kí n lọ ka àdéhùn tó wà lẹ́yìn rìsíìtì. Mo kà á. Mo fi awò sójú, mo tún un kà. Mi ò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù fún onílé kí ẹ sì dá dúrọ́ọ̀ rẹ̀ dúró sọ́dọ̀ yín.

Orúkọ mi àti nọ́ńbà iṣẹ́ náà wà nínú ìwé yín, mi ò ní fi ìyẹn jẹ àsìkò. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ yín yọ dúrọ́ọ̀ méjì kí ẹrù lè fúyẹ́, wọ́n já a sí ilé ìkẹ́rùsí yín ní Dagenham, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì gbé ìyókù wá bá mi ní Peckham pẹ̀lú ihò méjì níwájú, bí ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ kejì ni, ǹ bá fún wọn ní mọ́ínmọ́ín jẹ, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Àmọ́ ẹ ò gbé e wá. Ní Mọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ pè, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ní òun ń wo dúrọ́ọ̀ náà níwájú òun báyìí, ó ní yóò dé lọ́jọ́bọ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti jókòó sídìí fèrèsé. Mo ní dókítà tó yẹ kí n rí lọ́jọ́ náà, mi ò lọ. Ilẹ̀ ṣú, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn, fóònù ò dún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní dẹ́rẹ́bà ń ṣàìsàn. Mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹlòmíràn gbé fóònù, ó ní kò sí dúrọ́ọ̀ kankan lọ́dọ̀ àwọn, pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tún rí i. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti pè. Orin tí ẹ fi ń dá èèyàn dúró lórí fóònù yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n tán, òun ni mo fi ń fọ abọ́.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní Túsìdeè tó kọjá ni. Ó ní, "Mọ́mì, £60 lẹ ní ẹ rà á. Owó ọkọ̀ gan-an ju owó ẹrù lọ. Ẹ jẹ́ ká fún yín ní £15, kí ẹ fi lé owó yín, kí ẹ ra tuntun." Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń ta tuntun rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ bo fóònù tó fi yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ìyá tó ń ra igi òkú òyìnbó yẹn ló tún pè."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́ ọ.

Ẹ tún bá mi sọ ohun tí igi òkú òyìnbó jẹ́ fún un. G Plan ni, orúkọ irú ẹrù onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ilé-iṣẹ́ E. Gomme ní High Wycombe ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1953, ìlú tó jẹ́ pé àga ni wọ́n ń kàn níbẹ̀ láti ayébáyé. Nílùú yẹn gan-an ni mo ti rà á, nínú ilé ìyá arúgbó kan tó ṣaláìsí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí ilé ṣófo kó tó di Fráídè. Ohun tó jẹ́ kí owó rẹ̀ kéré nìyẹn, kì í ṣe pé kò dára. Ẹni tó ń kó ilé òkú kì í ní sùúrù láti tẹrí wo abẹ́ tábìlì. Èmi ń tẹrí wò ó. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: mo máa ń wo ẹ̀yìn, mo máa ń gbóòórùn igi, mo máa ń fa dúrọ́ọ̀ jáde kí n wo igun rẹ̀ bóyá wọ́n fi igi bọ inú igi bí ìka ọwọ́ méjì tó há sínú ara wọn, tàbí ìṣó ni wọ́n kàn gbá mọ́ ọn. Àga tìmùtìmù nìkan ni mo máa ń sá fún, torí òfin iná ti 1988: bí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ti já, àwọn ilé ìtajà àánú kì í gbà á. Igi lásán kì í ní wàhálà. Wàhálà tèmi, ẹ̀yin ni.

Kí n má parọ́, ohun mìíràn wà níbẹ̀. Bàbá mi ní redíógíráàmù kan, àpótí igi tí redíò àti ẹ̀rọ àwo orin wà nínú rẹ̀, nílé wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó yà díẹ̀ síta, bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù yìí gẹ́lẹ́. Àwa ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ yẹn ní High Wycombe, mi ò dúró ná an, mo san £60 wọn. Àwọn tó ń ta irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní London, £400 tàbí £500 ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn.

Nínú dúrọ́ọ̀ òkè, èyí tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí fún ṣíbí àti fọ́ọ̀kì, ni àmì ilé-iṣẹ́ náà wà, lẹ́tà wúrà kékeré. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọjà máa kọ́kọ́ wò. Ìwé ẹ̀rí ẹrù mi ló wà ní Dagenham yẹn. Ní ti £15, káfíńtà tó lè gbẹ́ irú ọwọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn kò ní fi £15 wọkọ̀ wá wo iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Kí dúrọ́ọ̀ méjèèjì dé Peckham láàárín ọjọ́ 14, ní pípé, láìsí àpá kankan lára wọn. Kí ẹ dá £85 mi padà. Kí ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ pè mí, kó sì fi Yorùbá bẹ̀ mí. Yorùbá ló fi bú mi, ó gbọ́ ọ dáadáa.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn kékeré ni mo ń lọ. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 ní kí ẹni tó gbowó iṣẹ́ fi ìṣọ́ra àti ìmọ̀ ṣe é. Wọ́n ń gba ẹjọ́ owó títí dé £10,000 níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ti kọ ọ́, mi ò tiẹ̀ ní wọ bàtà. Gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi lórí WhatsApp ṣì wà lọ́wọ́ mi, títí kan èyí tí ẹ fi àwòrán òdòdó sí. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn tí ẹ ń bá kó ẹrù lọ sílé ní Kérésì, inú ẹgbẹ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé ìkẹyìn oṣù yìí. Èmi ni akọ̀wé.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó gbéra. Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ mìíràn tí n óò rí dókítà, mi ò sì ní pa á tì torí yín mọ́.

Èmi ni,
Ẹni tó ti ń jẹ́ Mọ́mì wa rí,
Peckham.