Màmá ò dáhùn mọ́ ní fẹ́lóṣíìpù

Bọ́lá mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa wà níbí, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò ṣeé sọ sórí WhatsApp ẹbí yín, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Fẹ́lóṣíìpù ilé wa ní Òkè Àró ti di ìpàdé àwọn odi. Díkìnì á béèrè ìbéèrè, gbogbo wa á tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Kí lèèyàn fẹ́ sọ gan-an? "Ṣé ó dáa kí Kristẹni máa gbàdúrà?" Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tán. Fílípì ò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ó bi í bóyá ohun tó ń kà yé e, ọkùnrin yẹn sì sọ òótọ́ pé àfi kí ẹnì kan la òun lọ́yẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló jẹ́ sọ pé kò yé òun? Wọn á gbọ́wọ́ lé e lórí!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a kan Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, Yútíkù tó sùn lójú fèrèsé tó sì já bọ́ láti àjà kẹta. Díkìnì ní kí àwọn tó ń tòògbé ṣọ́ra o. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, ilé ilẹ̀ lèyí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

O mọ Màmá yín, ẹni tó bá àlùfáà jiyàn nítorí ìyàwó Jóòbù. Wọn ò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́. Bí ẹsẹ kíkà bá yí kàn wọ́n, wọn á ní ọ̀fun ń dun àwọn, kí ẹni tó tẹ̀ lé àwọn máa kà á. Díkìnì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìtara wọn ti rẹlẹ̀. Ìtara kọ́, jàre. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí: Kọ́ríńtì ni wọ́n ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ń mi orí bí a ṣe ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì lọ. Àkọ́sórí nìkan ni wọ́n ṣì ń kà ketekete. Nígbà tí mo sìn wọ́n délé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Mo bi wọ́n, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, kí o má lọ máa sunkún kiri ìlú òyìnbó.

Owó kòkó ti já wálẹ̀, àwọn ará Ìdànrè ò yangàn mọ́. Àbúrò mi ti wọ FUTA. Bàbá Tóní ní kí n kí ẹ.

Bọ́lá, bó bá jẹ́ funfun ló ń bo ẹyinjú wọn, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Bó bá jẹ́ gùlákómà ni, èyí tó bá ti bà jẹ́ kì í padà, ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Jọ̀ọ́, fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́, èmi fúnra mi á mú wọn lọ. Pè wọ́n kóo sọ pé o lálàá nípa ojú wọn. Wọ́n gba àlá gbọ́ ju dókítà lọ. Àkáǹtì mi ni kóo san án sí o, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Mi ò tíì gbàgbé owó páànù.

Èmi ni,
Dúpẹ́