Lẹ́tà sí ìyàwó ilé wa: má tíì kúnlẹ̀

Ìyàwó mi,

O kú ewu o. O kú ìrọ́jú, o kú àìsùn. Ọlọ́run tó kó ọ yọ lórí tábìlì abẹ á parí iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí Ìyá wá kí ọ lọ́jọ́ Sátidé, ṣe lo gbé wọ́kà tí o fi ń rìn sápá kan, o di etí bẹ́ẹ̀dì mú, o fẹ́ kúnlẹ̀. Akọ̀wé ọkọ rẹ ló fò dìde gbá ọ mú. Ìyá fúnra wọn ló pè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sunkún: "Ìyàwó yìí fẹ́ fi ìkíni pa ara rẹ̀." Mo ti sọ ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn. Ìwọ ló kàn báyìí. Mo sì ń kọ ọ́ síta kí àwọn mìíràn tí wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó fún lè bá wa kà á, nítorí ìwé tí wọ́n fún èmi nígbà tèmi, ti òyìnbó gbáà ni. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú báàfù, ó sọ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe ń mú ajá rìn jáde. Kò sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Kò dárúkọ àpótí, ìgbálẹ̀, ṣalángá tàbí ọmọ pípọ̀n. Bẹ́ẹ̀, nítòsí ilẹ̀ làwa ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan wa.

Ohun tó gbé èmi àti ìwọ dórí tábìlì yàtọ̀ síra. Tèmi, làkúrègbé ni: ohun tó máa ń gba eegun lọ́wọ́ eegun ti jẹ tán, eegun wá ń lọ eegun. Tìrẹ, SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde) ni: ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ orí eegun itan, orí eegun náà kú, ó sì wó. Ìdí nìyẹn tí èmi fi lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó ṣe é, tí ìwọ sì ṣe é ní 34. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ abẹ arúgbó ni. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ SS wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń ṣe é fún.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí o má ká ìgbáròkó náà jù? Físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan) tó tọ́jú mi ṣàlàyé ẹ̀ débi pé mi ò tún bi í mọ́. Orí eegun itan tí Ọlọ́run dá mọ́ àgbàlagbà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 45 sí 50. Èyí tí wọ́n fi sí wa kéré sí i. 28, 32 tàbí 36 ló wọ́pọ̀. John Charnley, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe irú rẹ̀ tó tọ́jọ́ ní Wrightington lọ́dún 1962, bíi 22 péré ni tirẹ̀, torí ó fẹ́ kó máa yọ̀ dáadáa nínú ike tó gbé e sí, kó má baà tètè jẹ ẹ́. Bọ́ọ̀lù kékeré kì í jìnnà sí ẹnu ihò rẹ̀. Bí o bá gbé orúnkún ga ju ìdí lọ, bí o bá gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tàbí tí o yí ẹsẹ̀ náà sínú, ó lè yẹ̀ gba ẹ̀yìn jáde, níbi tí wọ́n ti la iṣan kọjá tí wọ́n sì rán an padà. Iṣan yẹn ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Dókítà mìíràn á ní oṣù mẹ́ta. (Àwọn tí wọ́n gba iwájú là, òfin tiwọn yàtọ̀. Kí wọ́n bi dókítà wọn, kí wọ́n má fi tèmi ṣe.)

Nínú gbogbo òfin náà, ọ̀kan ló wúlò jù nínú ilé Yorùbá: orúnkún kò gbọ́dọ̀ ga ju ìdí lọ. Òun ni kí o máa fi wo gbogbo ohun tí o bá fẹ́ ṣe. Àpótí ìdáná: orúnkún ga ju ìdí. Ṣalángá: ó tún ga ju ti àpótí lọ. Àga tìmùtìmù pálọ̀ Ìyá yẹn tó máa ń gbé èèyàn mì: bákan náà. Nítorí náà, lórí àga gíga tó ní apá ni kí o máa jókòó, kí o fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ dìde, kí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ti wà níwájú kí o tó dìde rárá.

Jẹ́ ká sọ ti ìkúnlẹ̀ tán kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òun ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Bí èèyàn bá kúnlẹ̀ tó nàró, ìgbáròkó ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Itan àti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan. Bí a ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bí a ṣe ń dìde ló léwu, àti ìgbà tí a bá wá fi ìdí lé gìgísẹ̀ tí a tún tẹrí ba, bí àwa ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe tí a bá fẹ́ kí Ìyá fi oríkì dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ tí dókítà bá yọ̀ǹda, wá àga tí kò ní yẹ̀, dì í mú. Fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ sílẹ̀. Fa ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ sẹ́yìn. Orúnkún ẹsẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí àyà rẹ sì wà lókè. Ìgbà náà ni kí o gbé èkejì tì í. Tí o bá ń dìde, ẹsẹ̀ tó dáa ni kí o kọ́kọ́ gbé síwájú, òun ni kó gbé ọ sókè. Bí mo ṣe ń ṣe é dòní nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń mọ̀ pé mo ń ṣọ́ra.

Títí dìgbà náà, fa ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe sẹ́yìn díẹ̀, tẹ orúnkún ẹsẹ̀ kejì ráńpẹ́, má fi wọ́kà sílẹ̀, kí o sì fi ẹnu kí wọn kó kún. Mo ti bá Ìyá, àwọn ọkọ wa àti gbogbo ọmọ ilé sọ ọ́: ẹni tó bá ní o ò kí òun, kó wá bá mi. Kí ni wọ́n fi ìyáálé ṣe? Àwọn ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ gan-an ló ní wàhálà jù wá lọ. Láti ìdúró dé ilẹ̀, ibi tí ìgbáròkó ti ń ká pọ̀.

Ìrun ńkọ́? Orí àga ni. Ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jókòó kírun. Orí nìkan ni kí o fi júwe rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, nítorí bí o bá ti jókòó tí o tún tẹ ẹ̀yìn síwájú, o ti rú òfin ìgbáròkó láìgbé ẹsẹ̀ rárá. Bákan náà ni bí o bá na ọwọ́ mú nǹkan tó bọ́ sílẹ̀ níwájú àga. Àlùwàlá ló máa ń dààmú èèyàn jù, ibi ẹsẹ̀ fífọ̀. Má gbé ẹsẹ̀ lé itan kejì láé. Jókòó, na ẹsẹ̀ síwájú sínú bàsíà, kí ẹnì kan bá ọ fi bútà da omi, kó sì fọ̀ ọ́ fún ọ.

Fún ìwẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé garawa sórí àpótí (iṣẹ́ tí àpótí lè ṣe fún wa nìyí lásìkò yìí), mo sì so kànrìnkàn mọ́ igi gígùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fọ ẹsẹ̀ ara mi. Ìró ò ní wàhálà, ìdúró la fi ń ró o. Tó bá jẹ́ pátá tàbí ṣòkòtò, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló ń jáde gbẹ̀yìn. Sílípáàsì tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, kó o dànù. Ní ti ilé ìdáná, kí Akọ̀wé gbé gáàsì kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì. Àmàlà tí o bá dúró rò, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbálẹ̀ Yorùbá tiwa, ọmọ ilé ni kó máa fi gbálẹ̀. Tí ó bá pọn dandan fún ọ, ìgbálẹ̀ onígi gígùn ni kí o lò, kí o sì máa fi ẹsẹ̀ rìn tọ ìdọ̀tí lọ dípò kí o tẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

Ọmọ pípọ̀n ni mo mọ̀ pé á dùn ọ́ jù, pàápàá bí ọmọ ṣe ń na ọwọ́ sí ọ láti àárọ̀. Bí a ṣe ń pọ̀n ọmọ, a ó tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn á fi tẹ́jú, ọmọ á gun ẹ̀yìn, a ó tún jù ú sókè díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni ìgbáròkó tuntun ò fẹ́. Ní báyìí, jókòó kí wọ́n gbé e fún ọ, kó jókòó sí itan tó dáa. Nígbà tí dókítà bá ní o lè gbé ọmọ, etí bẹ́ẹ̀dì gíga ni kí o jókòó sí, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ lé ẹ̀yìn rẹ, kí o so ọ̀já, kí o tó dìde. O ò ní tẹ̀ rárá. Físíò tèmi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi hàn án pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi, ó sì ní òun á máa sọ ọ́ fún àwọn mìíràn.

Mọ́tò: má gun ọ̀kadà. Micra, takisí kékeré tiwa n'Íbàdàn, rẹlẹ̀, wọ́n á tún kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí náà iwájú ni kí o wọ̀, kí o sì san owó èèyàn méjì bí wọ́n bá fẹ́ há ẹlòmíràn mọ́ ọ. Kí wọ́n ti àga náà sẹ́yìn. Tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀. Ìdí ni kó kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rá á jẹ́ kí o yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń gòkè ṣáájú, èyí tí wọ́n ṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú. Bí o bá ti fi wọ́kà sílẹ̀ tí o mú ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kí ọ̀pá wà. Gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ dì í mú sí ọwọ́ kejì.

O ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe gùn ju èkejì lọ. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. O ti ń tiro fún ọdún mélòó? Iṣan iwájú itan ti sún kì, ìbàdí ti dagun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Tí kò bá tọ́, kí dókítà wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń na iṣan yẹn ni pé kí o dùbúlẹ̀ gbalaja láìfi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, bó ti wù kí ìrọ̀rí náà tuni tó. Ààrin ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ìrọ̀rí wà tí o bá ń sùn. Tí o bá ń dúró de omi kó hó, di etí síǹkì mú, gbé ẹsẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, dá a padà. Gbé e sẹ́yìn, dá a padà. Lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ síhà ìdí díẹ̀díẹ̀, kí o tún nà án. Ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ipá ló ń dá rírọ̀ padà fún ìgbáròkó. Bí ẹnì kan bá mú ọkùnrin kan wá pé ó mọ eegun tò, pé á fi òrí àti omi gbígbóná fà á kó lè rọ̀, fún un lómi mu, kí o sin ín jáde. Mo mọ ẹni tó ní ìmọ̀ràn yẹn nílé wa, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Ti SS tìrẹ ló mú kí n tẹnu mọ́ èyí. Mu omi dáadáa, má jẹ́ kí òtútù mú ọ. Bí ìgbáròkó náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́ pẹ̀lú ibà, tàbí tí ojú abẹ ń ṣomi, má sọ pé kíráísìsì (ìrora SS) lásán ni, má sì gba ìyẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ilé ìwòsàn ni. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn ọ́, tàbí tí èémí ò délẹ̀, ilé ìwòsàn náà ni, lóru o, lọ́sàn-án o. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kúrú tó yí, tí o ò lè tẹ̀ ẹ́, dùbúlẹ̀ síbi tí o wà kí wọ́n wá gbé ọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lò ó pé.

Ọ̀rọ̀ yàrá tọkọtaya náà wà níbẹ̀. Kí Akọ̀wé ka ibí yìí dáadáa: ọ̀pọ̀ dókítà ní kí ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ìwọ ni kí o fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Kí ẹ bi dókítà tiyín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti Iléyá, o lè wá sílé ńlá, ṣùgbọ́n ṣalángá ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé o lọ lóṣòó. Káfíńtà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àga oníhò tí a ó máa gbé lé e, ó kù kó mọ gíga rẹ̀. Dìde dúró pẹ̀lú bàtà rẹ, kí Akọ̀wé wọ̀n ọ́ láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, kó fi ínṣì méjì lé e, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Kó rí i pé àga náà ní apá méjèèjì. Owó igi ti wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyáálé rẹ