Lẹ́tà sí Mọrẹ́nikẹ́, nípa ilé tí ó fẹ́ rà ní Antigua Guatemala

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ, ara wa sì le. Mo rí àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì La Merced, mo sì ka gbogbo ohun tí o kọ nípa bí o ṣe fẹ́ kó kúrò ní Houston, kí o máa ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ láti ìhín, kí o sì tètè ra ilé náà kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Inú mi dùn pé o fẹ́ sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má tíì ra ilé kankan. Háyà ilé fún ọdún kan gbáko, kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ìlú yìí ṣojú rẹ, kí àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́, kí ìwọ náà sì mọ̀ wọ́n, kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Iṣẹ́ ìkọ́lé ni mo fi tọ́ yín dàgbà, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ògiri. Ọdún 1543 ni àwọn ará Sípéènì tẹ ìlú yìí dó, lẹ́yìn tí omi àti ẹrẹ̀ tí ó ya wá láti orí òkè Agua ti bo olú-ìlú wọn ti ìṣáájú mọ́lẹ̀ ní ọdún 1541. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1717 bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ́. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1773 ni ó wó o débi pé ní ọdún 1776 wọ́n kó olú-ìlú kúrò níbí lọ sí ibi tí ó wà títí di òní. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé, tí o ń ya fọ́tò níwájú wọn nígbà tí o wá kí wa, àwókù ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, ilẹ̀ tún mì ní Guatemala, nǹkan bí 23,000 ènìyàn ni ó kú, ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ wúwo ni ó sì wó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú oorun.

Mo lọ wo ilé tí o fẹ́ rà yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà pípọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, ó sì dùn ún wò láti ìta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ògiri yàrá ẹ̀yìn, ọ̀dà náà ń ṣí, lẹ́búlẹ́bú funfun kan sì dà sí mi lọ́wọ́, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀rinrin ń gun ògiri bọ̀ láti inú ilẹ̀. Lókè, níbi tí ògiri ti pàdé àjà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tí ó sán, ó gùn tó apá mi. Ẹni tí ń tà á ní ìlà búrọ́ọ̀ṣì lásán ni. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kì í bá ara wọn gbé pẹ́: sìmẹ́ǹtì a há ọ̀rinrin mọ́nú, amọ̀ a sì máa rà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ya àwòrán tí o rí. Jẹ́ kí oṣù Kẹsàn-án dé, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ láti oṣù Karùn-ún, kí o wá wo yàrá kan náà.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí ó dára ni o rà, kì í ṣe bí ó ti wù ọ́ ni o lè tún un ṣe. Òfin tí ó ń dáàbò bo ìlú yìí ti wà láti ọdún 1969, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1979. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Consejo, òun ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwọ̀ tí o fẹ́ kùn, fèrèsé tí o fẹ́ là àti òrùlé tí o fẹ́ yí padà. Àwọn àjèjì ẹgbẹ́ wa máa ń ráhùn nípa rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń mu kọfí. Ní tèmi, òfin náà tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ilé gogoro dí ojú òkè mọ́ wa. Nígbà tí àkókò rírà bá tó, wá agbẹjọ́rò tìrẹ tí ó jẹ́ notario, èyí tí òfin fún ní àṣẹ láti kọ ìwé títà àti rírà, má gba ti ẹni tí ń tà. Kí ó wo àkọsílẹ̀ ilé náà ní Registro de la Propiedad, ọ́fíìsì tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé ẹni tí ń gba owó ni ó nilé, nítorí ilé ẹbí tí ọ̀pọ̀ ọmọ jọ jogún kò ṣọ̀wọ́n níbí, ìwọ náà sì mọ ohun tí ojú wa rí lórí ilé bàbá mi ní Ìbàdàn.

Ti òkè Fuego, èyí tí o ní ó wù ọ́ láti máa wò láti orí òrùlé ní alẹ́: ó máa ń tu iná àti èéfín lóòótọ́, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2018 ó bú, ó sì bo abúlé San Miguel Los Lotes mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Eérú rẹ̀ mú kí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú La Aurora ní olú-ìlú pa. Má ṣe pè é ní eré níwájú ẹni tí o kò mọ̀, nítorí o kò mọ ẹni tí ó sọ ènìyàn nù síbẹ̀.

Ohun tí ó ká mi lára ju ògiri lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn onílùú. Owó tí o ń gbà ní Houston lè san owó ilé tí olùkọ́ ilé-ìwé kan níbí kò lè san. Nítorí irú owó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìlú ṣe fi àárín ìlú sílẹ̀, tí wọ́n kó lọ sí Jocotenango, Ciudad Vieja àti àwọn abúlé mìíràn. O kò lè yí èyí padà ní ìwọ nìkan, ṣùgbọ́n o lè yẹra fún àwọn ìwà kan. Bí o bá gba ẹni tí yóò máa bá ọ tọ́jú ilé, òfin ní kí o san owó oṣù kan lé e ní oṣù Keje, èyí tí wọ́n ń pè ní Bono 14, àti òmíràn ní òpin ọdún, tí í ṣe aguinaldo. San án láìjẹ́ pé ó bèèrè. Bí o bá ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Kaqchikel tí ó ń hun ún ní San Antonio Aguas Calientes, o lè ná an, ọjà ni. Ṣùgbọ́n má ṣe ná an títí ojú obìnrin náà yóò fi rẹ̀wẹ̀sì nítorí quetzal mẹ́wàá, owó ilẹ̀ yìí, tí kò tó dọ́là méjì.

Kọ́ èdè Sípéènì kí o tó dé, kí o sì tẹ̀síwájú nígbà tí o bá dé, nítorí ilé ẹ̀kọ́ èdè pọ̀ ní ìlú yìí, olùkọ́ kan a sì jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Mo mọ àwọn àjèjì tí ó ti pẹ́ níbí tí wọn kò lè bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀ kọjá iye owó búrẹ́dì. Ohun tí a fi kọ́ ọ nílé yóò wúlò fún ọ: níbí, ènìyàn kì í wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá tí a ti ń dúró de dókítà láìkí àwọn tí ó bá níbẹ̀, àgbà sì ni usted, tí í ṣe “ẹ̀yin” ti ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí o kò ṣe lè pe àgbà ní “ìwọ” lọ́dọ̀ wa. Kí wọn kí o tó béèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ Sátidé, wàá rí iná pupa lẹ́nu ọ̀nà ilé kan; tamales ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àgbàdo lílọ̀ tí a fi ewé wé tí a sì sè. Máa ra tìrẹ lọ́wọ́ ilé tí ó sún mọ́ ọ jù lọ, kí o sì dúró díẹ̀ kí ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Àwọ̀ ara rẹ yóò mú kí wọ́n máa bi ọ́ bóyá Livingston ni o ti wá, níbi tí àwọn Garífuna ń gbé létí òkun, àwọn ènìyàn dúdú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn baba ńlá wọn kúrò ní erékùṣù Saint Vincent ní ọdún 1797. Àwọn kan yóò pè ọ́ ní morena tàbí negrita, ìyẹn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi lọ́kàn, àwọn díẹ̀ ní i. Ìwọ yóò mọ ìyàtọ̀ láti ojú àti ohùn. Kò sí ọ̀ranyàn pé kí o dá gbogbo wọn lóhùn.

Ti ìwé ìrìnnà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìwé Amẹ́ríkà rẹ yóò fún ọ ní ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n El Salvador, Honduras àti Nicaragua wà nínú àdéhùn kan náà pẹ̀lú Guatemala, nítorí náà lílọ síbẹ̀ kò sọ ọjọ́ rẹ di tuntun. Ó di Mexico tàbí Belize. Bí o bá pinnu láti dúró, gba ìwé ìgbélùú ní tòótọ́, má fi ayé rẹ ṣe lílọ-bíbọ̀ ẹnu ibodè.

Má ṣe dé ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, nítorí owó ilé a ga kọjá ààlà, mọ́tò kò sì ní ráyè kọjá níbi tí àwọn ará àdúgbò bá ti fi eérún pákó aláwọ̀ oríṣiríṣi àti òdòdó tẹ́ ojú títì fún ìwọ́de ẹ̀sìn. Lọ́dún tí ó bá tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́, wọn yóò pè ọ́ kí o wá bá wọn tẹ́ ẹ.

Mo ti rí ilé kan fún ọ ní San Pedro las Huertas, oníyàrá méjì, ògiri rẹ̀ gbẹ, onílé rẹ̀ sì jẹ́ ìyá àgbà kan tí ó ń fẹ́ owó oṣù kan sílẹ̀ kí o tó wọlé. Mo sọ fún un pé ìwọ fúnra rẹ ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní èdè Sípéènì, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mú aṣọ òtútù dání, nítorí orí òkè ni a wà, ilé kò sì ní ẹ̀rọ amúlégbóná. Ìyá rẹ ní kí o má gbàgbé èlùbọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹ̀wà wà lọ́jà níbí, ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí o mú wá nígbà náà ti tán.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.